Láǹlọ́ọ̀dù Oníwèé

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi, kí ẹlòmíràn tó bú mi. Nílé wa ní Ìbàdàn, bí òjò bá ti ṣú báyìí, àwọn ará àdúgbò á máa sá lọ ká aṣọ. Ní tiwa, abọ́ là ń sá lọ kó. Abọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì mọ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ìkòkò ńlá tí ìyàwó mi fi ń se ìrẹsì ọdún, òun ló ń ṣọ́ àárín pálọ̀. Báàfù pupa wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Kúlà tí wọ́n fún wa nígbà ìgbéyàwó, tí orúkọ èmi àti ìyàwó mi wà lára rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni tirẹ̀. Póò tí àbíkẹ́yìn wa ti kúrò lórí rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ń dúró sí. A ò tíì jẹ́ kó fẹ̀yìn tì.

Tí òjò bá wá dé, ẹ wá gbọ́ ìlù. Ìkòkò á ní tó, tó, tó. Báàfù á gbè é: gbì. Kúlà á máa dá sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí àgbà tí wọn ò pè sí ọ̀rọ̀. Yorùbá ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa. Àwa tí eji ń rí, orí àga ìjókòó nínú pálọ̀ ló ti ń bá wa.

Ọjọ́ tí ìyá ìyàwó mi wá kí wa lọ̀rọ̀ di ìtìjú. Wọ́n jókòó, àmàlà wà níwájú wọn, gbẹ̀gìrì àti ewédú ti dara pọ̀. Ẹ̀kán omi kan já láti òkè, ó bọ́ sáàárín gbẹ̀gìrì náà gẹ́lẹ́. Ìyá wòkè. Wọ́n wò mí. Wọ́n tún wòkè. Wọ́n ní, “Àna mi, ilé yín mà tutù o.” Mo ti ṣe àmín kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe àdúrà.

Ṣé jíjò ló dùn mí tó bẹ́ẹ̀? Ta ni ilé ẹ̀ ò jò rí? Ohun tó dùn mí ni pé àwa tí a máa ń ya fótò ẹran kí a tó jẹ ẹ́, àwa tí a mọ iye èèyàn tó wọ aṣọ ẹbí lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá onílé kẹta, a ò mọ ohun tó wà lókè orí wa. Ìwọ tí ò ń kà á yìí, tó ń rẹ́rìn-ín mi, ọdún wo ni wọ́n kan páànù tìẹ? Igi wo ló gbé e dúró? Ó dáa, máa rẹ́rìn-ín lọ.

Ní 1981 ni bàbá mi ṣílé yìí. Fótò ìṣílé náà kún álíbọ́ọ̀mù mẹ́ta. Mo jókòó, mo wò ó tán. Mo rí àwọn tó jẹun, mo rí àwọn tó jẹun lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ò mọ̀, tó wà nínú fótò mẹ́rìnlélógún, tó di ẹran mú nínú gbogbo wọn. Òrùlé ńkọ́? Etí rẹ̀ yọ díẹ̀ nínú fótò kan, fìlà bàbá kan sì bo ìyẹn náà.

Mo bá gba ilé àbúrò bàbá mi lọ, àgbà tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kàn án.

“Bàbá, igi wo ni wọ́n lò sókè ilé yẹn?”

“Igi gidi ni.”

“Igi gidi wo, Bàbá? Ìrókò ni, àbí apá? Àbí àfàrà?”

“Mo ní igi gidi. Igi ayé ìgbà yẹn.”

“Báwo ló ṣe tóbi tó?”

Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n wo àlàfo tó wà láàárín wọn, wọ́n tún fà á sẹ́yìn díẹ̀. “Ó tó báyìí.”

Ohun tí wọ́n rántí láìṣì ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni ọtí tí wọ́n gbé wá lọ́jọ́ tí wọ́n kan páànù ìparí. Páálí méje ni, ẹnìkan sì jí ìgò méjì nínú ẹ̀. Wọ́n mọ orúkọ onítọ̀hún. Ó ti kú. Wọn ò tíì dárí jì í.

Àwọn baba ńlá wa ṣe jù báyìí lọ. Ní Ọ̀yọ́, odidi ọdún ni wọ́n ń ṣe nítorí òrùlé. Ọdún Bẹẹrẹ ni, tí àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ máa ń ru koríko bẹẹrẹ wá láti fi bo ààfin Aláàfin. Wọ́n fi òrùlé ṣọdún. Àwa ń fi owó òrùlé ṣọdún.

Páànù tó wá gbapò koríko, ará Lọ́ńdọ̀nù kan tó ń jẹ́ Henry Robinson Palmer ló gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1829. Ó mú irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ọmọdé lè tẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ ní gegele àti kòtò, gegele àti kòtò, irin bá dúró gbọin. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ẹ wo gèlè. Aṣọ tí kò lè dá dúró, kí obìnrin tó mọṣẹ́ ṣẹ́ ẹ ní ìṣẹ́ mẹ́jọ lórí, á dúró láti àárọ̀ Sátidé títí ilẹ̀ á fi ṣú, afẹ́fẹ́ ò ní mì ín. Ká ní Palmer rí ìyá ìyàwó kan ṣoṣo ní gbàgede àríyá ni, ì bá ti ṣe páànù kó tó di 1829.

Síǹkì tí wọ́n fi bo irin náà ló ń jẹ̀yà ìpẹtà fún un. Ọjọ́ tí síǹkì bá tán, ìpẹtà ti dé orí irin nìyẹn. Ẹ gun òkè Màpó, kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i: òrùlé pupa lórí òrùlé pupa, títí tí ojú ò fi lè tó o mọ́. Àwọn akéwì ní ẹwà ni. Akéwì wo ló ti gbé póò sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n rí?

Mo pinnu pé èmi ò ní ṣe bíi bàbá mi. Mo ra ìwé olójú ewé ọgọ́rin, mo kọ ÀKỌSÍLẸ̀ ÒRÙLÉ sí ẹ̀yìn ẹ̀ gàdàgbà-gàdàgbà. Gbogbo ohun tí a bá rà, gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ọjọ́ àti wákàtí, ibẹ̀ ni màá kọ ọ́ sí, màá sì fi fótò tì í lẹ́yìn. Ìyàwó mi wo ìwé náà síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Ó ní, “Olówó orí mi, ẹ ti ra ìwé. Ó ku páànù.”

Àwọn ayálégbé mi ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ kó ìdààmú bá. Àwọn tó ti ń fi jíjò bú mi láti ọdún mẹ́ta, tí wọn kì í sanwó ilé láì kọ́kọ́ mú mi wọ yàrá lọ wo ògiri, bí wọ́n ṣe gbọ́ pé mo fẹ́ tún òrùlé ṣe, ni wọ́n rán ẹni tó dàgbà jù nínú wọn sí mi. “Bàbá, jíjò náà ò kúkú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú.” Wọ́n mọ òwe tó wà níwájú. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé láǹlọ́ọ̀dù tó yí páànù padà, owó ló máa bù sí i.

Iṣẹ́ kìíní ni kí a gòkè àjà, kí a wo egungun ilé, kí a yà á. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin la jọ gba ihò tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gòkè. Ó di tọ́ọ̀ṣì mú, mo di ìwé mú. A bá ìtẹ́ eku tó fẹ̀ ju yàrá tí mo ń gbowó lé lórí. A bá wáyà tí rẹ́wáyà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti so, tí kò sí èyí tó gbà pé èyí tó ṣáájú òun mọṣẹ́. Mo fi ìka tẹ igi kan, ìka wọlé bíi ìgbà téèyàn fìka bọ àkàrà gbígbóná: ikán ti jẹ ẹ́ tán, awọ ló kù. Mo ní kí ọmọ pa tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sán gangan ni, gbogbo ibi tí páànù bá ti lu, oòrùn ń yọjú níbẹ̀ bí ìràwọ̀. Mo ka ihò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí igi tó wà lábẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó dà bíi pé mo ń ṣe iṣẹ́ ńlá.

Ọmọ mi ní, “Dádì, ìwé kan wà níbí.”

Inú mi dùn. Mo ní bàbá mi ò kúkú já wa kulẹ̀. Lísìtì káfíńtà nìyẹn, tàbí rìsíìtì páànù. Mo ní kó tanná sí i, kó kà á sókè. Ó fẹ́ eruku kúrò. Ó kà á: “Tọ́ọ̀mù kẹta, 1983. Ipò: 38 nínú 40.” Ó dákẹ́. Ó ní, “Dádì, orúkọ yín ló wà níbí.”

Mo ti gbàgbé pátápátá pé ibẹ̀ ni mo jù ú sí. Bàbá mi kú láìfojú kàn án. Nínú gbogbo ilé yẹn, ìwé kan ṣoṣo tí òrùlé náà pa mọ́ tí òjò ò kàn fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, òun nìyẹn. Ihò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ẹyọ kan ò sí lókè ẹ̀! Kí n tó sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, ọmọ ti yà á, ó ti fi sórí WhatsApp ẹbí. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́kọ́ fèsì: “Ẹ̀gbọ́n, ta làwọn méjì tó gbẹ̀yìn yín?”

Àbúrò yìí kan náà ló ń fi fótò òrùlé olókùúta ránṣẹ́, irin tí wọ́n lẹ òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ lára. “Ẹ̀gbọ́n, èyí ló bá ìgbà mu. Kì í pariwo bí òjò bá ń rọ̀.” Mo ní òótọ́ ni, owó ẹ̀ ńkọ́? Íntánẹ́ẹ̀tì gé. Mo ti ṣàkíyèsí pé íntánẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù ò lágbára rárá. Ó máa ń gé níbi owó ṣáá.

Káfíńtà dé, ọkùnrin gbọ̀nrọ̀ kan tó fi pẹ́ńsù há etí. Ó yí ilé po lẹ́ẹ̀kan, ó wòkè lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ lísìtì sẹ́yìn páálí sìgá. Èmi náà ti wọn ilé mi sílẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 40 ní gígùn, 30 ní ìbú, ìyẹn jẹ́ 1,200. Tirẹ̀ lé ní 1,700. Mo ní ẹ wá wò ó, olè dé. Mo ṣí ìwé mi, mo fa ìlà pupa sábẹ́ 1,200.

Ó wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ tó fẹ́ kọ́ ìyá ẹ̀ lóúnjẹ sísè. “Alàgbà, ṣé ilẹ̀ ilé lẹ fẹ́ fi páànù bò ni?”

Ó fa pẹ́ńsù yọ, ó ń kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Etí òrùlé yọ jáde ní ẹsẹ̀ bàtà méjì ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, nítorí náà 40 di 44, 30 di 34. Ìyẹn nìkan ti di 1,496. Òrùlé kì í sì í dùbúlẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ń dúró. Bó bá dà gẹ̀rẹ́ tó ìwọ̀n dìgírì 30, ẹ ó fi bíi 15 lé orí ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan. Ká má tíì dárúkọ èyí tí a máa gé dànù láwọn igun. Kò tẹ kọ̀ǹpútà, kò tẹ fóònù. Èmi ẹni ipò 38 nínú 40, mo pa ìwé mi dé.

Ìsọ̀ páànù ló kàn. Mo gbáyà wọlé, mo ní, “Èmi ò fẹ́ géèjì 26 o. Ẹ fún mi ní 28, kó nípọn!” Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín, irú èyí tí wọ́n ń rín sí oníbàárà tí Ọlọ́run fọwọ́ ara ẹ̀ dárí wá. Ó ní, “Ọ̀gá mà mọ ọjà o!” Ìyàwó mi fà mí láṣọ. Nínú páànù onírin, bí nọ́ńbà géèjì bá ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni páànù ń fẹ́lẹ́ sí i. 28 fẹ́lẹ́ ju 26 lọ. Mo bínú. Ibo ni wọ́n ti ń ka nǹkan sẹ́yìn báyìí? Ìyàwó mi ní, “Nílé ìwé yín náà ńkọ́?”

Nígbẹ̀yìn, alumíníọ́mù gígùn la mú, lóńgísípáànì, ti 0.55 mílímítà. Kì í dípẹtà pupa, nọ́ńbà ẹ̀ sì ń lọ bí ọmọlúàbí: 0.55 nípọn ju 0.45 lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń ta 0.45 lórúkọ 0.55, ojú lásán ò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo bá ra irin kékeré tí wọ́n fi ń wọn ohun tín-ínrín. Mo wọn páànù, ó pé. Ọwọ́ mi ò wá balẹ̀ mọ́. Mo wọn bébà. Mo wọn èékánná mi. Mo wọn ẹran tí ìyàwó mi fi sórí oúnjẹ mi lálẹ́, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé: mílímítà 9. Ní ọjọ́ kejì, ó di 6.

Ní Bódìjà, níbi tí wọ́n ti ń ta pákó, mo fi tépù wọn èyí tí wọ́n ń pè ní tú-báì-fọ́ọ̀. Ínǹṣì kan àbọ̀ ni mo bá níbi tó yẹ kí n bá méjì, mẹ́ta ó lé díẹ̀ ni mo bá níbi tó yẹ kí n bá mẹ́rin. Mo pe onípákó.

“Ẹ má bínú, Alàgbà. Ó gbẹ ni.”

“Gbígbẹ wo ló tó báyìí?”

“Inú ààwẹ̀ la là á.”

Oṣù kìíní la fi iṣẹ́ náà sí, inú ọyẹ́, nígbà tí ètè gbogbo wa ti là. Síbẹ̀ bàbá kan wá láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, ó ní kí n mú owó wá kí òun bá wa mú òjò dání. Mo ní, “Bàbá, òjò wo?” Wọ́n ní èyí tí ì bá rọ̀ ni. N ò fún wọn ní kọ́bọ̀. Òjò ò sì rọ̀ ní odidi oṣù náà. Títí di òní, tí wọ́n bá rí mi, wọ́n á ní, “Ẹ ẹ̀ rí i pé mo ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún yín?”

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú páànù àtijọ́, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára wọn ní kọ̀ọ̀kan, láti 1 dé 120, bọ́ńdù mẹ́fà géérégé. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ fi páànù tó ti jẹrà ṣe. Nígbà tílẹ̀ mọ́, 113 ni mo kà. Mo kó gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ jọ, mo ṣí ìwé, mo ka òfin ilẹ̀ yìí fún wọn, èyí tí mo mọ̀ nínú ẹ̀. Wọ́n búra. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ sunkún. Mo jáde síta láti gba afẹ́fẹ́, mo gbójú sókè, nọ́ńbà 43 ń wò mí láti orí ilé adìyẹ Alhájà tó wà ní ọ̀kánkán, 44 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Alhájà juwọ́ sí mi: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ mi! Ọlá ìyàwó yín ò ní tán o!” Mo wọlé padà. Mo ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa báṣẹ́ lọ.

Àárín àwọn òṣìṣẹ́ yìí ni orúkọ mi ti yí padà sí Láǹlọ́ọ̀dù Oníwèé. Bí mo bá yọ, ẹni tó wà lókè á pariwo sí ẹni tó wà nísàlẹ̀, “Ẹ wọ ṣòkòtò yín dáadáa, ayafótò ti dé!” Ṣùgbọ́n n ó sọ òtítọ́: mo kọ́ nǹkan. Kí wọ́n tó gbé páànù àkọ́kọ́ lélẹ̀, Káfíńtà bi mí pé ibo lòjò ti máa ń wá sí ilé yìí. Mo ní òkè. Gbogbo wọn wò mí. Ẹni tó dàgbà sínú ilé kan, tó ti ń gbé abọ́ kiri inú ẹ̀ láti kékeré! Ìyàwó mi ló fèsì láti ojú fèrèsé: “Ìlà oòrùn ni. Fèrèsé ibẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ sá lọ tì.” Káfíńtà mi orí. Ó ní ìjì tó ń ṣáájú òjò láti ìlà oòrùn ló máa ń wá, nítorí náà ìwọ̀ oòrùn la ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, kí páànù kọ̀ọ̀kan gun èyí tó ṣáájú ẹ̀, kí ẹnu ibi tí wọ́n ti gun ara wọn lè kẹ̀yìn sí ìjì. Tí a bá tò ó sódì, ìjì á ráyè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ bí ìgbà téèyàn ń ṣí ìwé.

Ó tún ní ìjì kì í ti òrùlé wó. Ńṣe ló ń fà á sókè, etí ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí bíríkìlà fi irin pẹlẹbẹ de igi ìdúró mọ́ ògiri, kó má kàn jókòó lé bíríkì lásán. Ìṣó onírọ́bà, orí gegele ló ń kàn án sí, kì í kàn án sínú kòtò, nítorí inú kòtò lomi ń gbà lọ. Mo ya gbogbo ẹ̀. Ìṣó nìkan, fótò mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Kíṣìnì ẹ̀yìnkùlé, asibẹ́sítọ́ọ̀sì ló wà lórí tìyẹn. Níbí, n ò bá yín ṣeré. Téèyàn bá ń fa eruku rẹ̀ símú, ó lè di jẹjẹrẹ lára ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ iṣẹ́ kan ti gbé òòlù sókè láti fọ́ ọ. Mo kígbe tí Alhájà fi sáré jáde. A wọ́n omi sí i títí ó fi rin, a tú ìṣó rẹ̀ ní kọ̀ọ̀kan, gbogbo wa de imú, a gbé e sọ̀kalẹ̀ lódindi, a fi ọ̀rá tó nípọn wé e. Ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn tí ẹnikẹ́ni gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu.

Àwọn tó ń kọjá lọ ńkọ́? Gbogbo Ìbàdàn ni káfíńtà. Ọlọ́kadà dúró, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní ìdagẹ̀rẹ̀ yẹn kéré. Ẹnìkan ní ó ga jù. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé wá, ó ní páànù tó ń hàn síta ti di ti ará oko, kí n fi páràpẹ́ẹ̀tì gbé ògiri sókè kó bo òrùlé mọ́lẹ̀, kí ilé lè dà bíi báńkì. Tirẹ̀ dà bíi báńkì lóòótọ́. Gbogbo omi òrùlé ń ṣàn sínú gọ́tà tó há sẹ́yìn ògiri náà, ewé máńgòrò dí i, omi ò rí ọ̀nà lọ, ó bá wọlé. Ilé òun náà ń jò, àmọ́ jíjò olówó ni. Ara iná oníṣẹ̀kẹ̀ṣẹkẹ̀ tó rà láti Dùbáì lomi ti ń kán sílẹ̀.

Iṣẹ́ parí lọ́jọ́ Sátidé kan. Káfíńtà sọ̀kalẹ̀, ó kó òòlù ẹ̀ sápò, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gùn ún mọ́ o. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, èmi ló sì ń wò.

Ìparí oṣù kẹta, òjò àkọ́kọ́ ṣú láti ìlà oòrùn, níbi tí ìyàwó mi sọ. Ìjì jà, ó gbé páànù ẹlòmíràn lọ ní òpópó kejì. Tiwa ò mì. Gbogbo ilé jókòó sí pálọ̀, a gbójú sókè bí àwọn tó ń retí oṣù ààwẹ̀. Kò sí tó, kò sí gbì. Àwọn ayálégbé wá kí mi kú oríire, ojú wọn fà ro. Mo ní kí wọ́n gbé ìkòkò ìrẹsì padà sí kíṣìnì. Mo gbé póò fúnra mi, mo ń mú un lọ síta láti lọ sọ ọ́ nù, nígbà tí mo gbọ́ ọ láti yàrá mi.

Tó.

Orí ìrọ̀rí mi. Ìrọ̀rí tèmi, kì í ṣe ti ìyàwó mi.

Mo pe Káfíńtà lóru ọjọ́ náà. Mo sọ ohun tí àgbàlagbà ò yẹ kó sọ. Mo ní ọwọ́ mi ni gbogbo ẹ̀rí wà, ojú ewé mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, fótò ọ̀ọ́dúnrún. Ó ní òun ń bọ̀ láàárọ̀. Ó dé, ó gòkè, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbọn ọwọ́ nù.

“Alàgbà, páànù kan ti tẹ̀ lókè yàrá yín. Ìṣó ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti fà yọ. Ẹnìkan ló tẹ̀ ẹ́ níbi tí kò sí igi lábẹ́.”

“Èwo nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ni?”

“Àwa máa ń tẹ orí ìlà ìṣó ni, nítorí abẹ́ ibẹ̀ ni igi wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù yín wá.”

Ọmọ mi ló gbà á, ó ń fìka yí fótò lọ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, Káfíńtà ń wò ó láti ẹ̀yìn ẹ̀. Wọ́n dúró. Èmi ni mo wà nínú fótò náà, lórí òrùlé, lọ́jọ́ Sátidé yẹn, tí gbogbo wọn ti lọ tán. Mo fi ọwọ́ kan ya ara mi, mo na èkejì sókè bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Ẹ̀yìn mi, Ìbàdàn lọ rẹrẹ. Ìsàlẹ̀ fótò, bàtà mi, bàtà aláwọ tí mo fi ń lọ sóde, ti wọ inú páànù lọ bí ẹni tẹ ẹrẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọmọ mi bá ṣí ìwé náà, ó wá ojú ewé ọjọ́ yẹn, ó kà á sókè pẹ̀lú ohùn tó fi ka èyí tó wà lókè àjà: “Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Mo gòkè fúnra mi láti ya fótò ìparí. Gbogbo nǹkan pé.”

Káfíńtà fa pẹ́ńsù yọ ní etí, ó nà án sí mi. “Páànù kan, ìṣó mẹ́jọ, owó iṣẹ́, owó oúnjẹ èmi àti ọmọ kan. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, Alàgbà.”

Mo kọ ọ́. Ìyàwó mi ti lọ gbé póò wọlé padà.